Kùkúḿbà àti ẹ̀gúsí mi kún fún òdòdó, wọn kò so: oògùn kòkòrò wo ni kí n rà?

AgbẹTuntun (Ọbáńtókò):
Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin ará mi. Ilẹ̀ kan tí mo yá lọ́nà Òdẹ̀dá ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Mo gbin kùkúḿbà sí ìdajì, mo gbin ẹ̀gúsí bàrà sí ìdajì kejì, mo wá fi agbàdo yí gbogbo rẹ̀ ká. Agbàdo ń ṣe dáadáa. Òdòdó yẹ́lò bo ẹ̀gúsí àti kùkúḿbà, bí ẹ bá débẹ̀ inú yín á dùn. Àmọ́ èso ni mi ò rí. Èyí tó bá yọ, kí ó tó gùn tó ìka ọwọ́, yóò ti pọ́n láìgbó, yóò rọ, yóò já bọ́. Ìwọ̀nba kùkúḿbà tó dàgbà tún wọ́, apá kan tóbi, apá kejì rí tín-ín-rín. Ẹni tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà ní kòkòrò ló ń mu ún, kí n lọ ra oògùn ní Láfẹ́nwá kí n fi fín in. Èwo ni kí n rà, kí n má baà kówó dà nù?

FínKóKú:
Lambda-cyhalothrin ni. Fín in láàárọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú, tún un fín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Gbogbo kòkòrò tó bá wà níbẹ̀ á sùn. Ó parí.

ÌyáGbúre (Kútọ̀):
FínKóKú, o ò tíì bi í léèrè ohunkóhun, o ti kọ oògùn fún un. AgbẹTuntun, má ra nǹkan kan ná. Ṣa bíi mẹ́rin márùn-ún nínú èyí tó já bọ́, fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì, kí o wo inú wọn. Bí o bá rí ìdin, á jẹ́ pé eṣinṣin tó ń gún èso láti yé sínú rẹ̀ ló dé bá ọ, ojú ibi tó gún sì máa ń sun oje. Bí kò bá sí ìdin, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ìgbà wo ló sì ń pọ́n? Ṣé kí òdòdó ẹnu rẹ̀ tó là ni, àbí lẹ́yìn tó ti rọ?

AgbẹTuntun:
Ẹ ṣé mà. Mo ti là wọ́n. Inú wọn mọ́, kò sí ìdin, kò sí ojú ibi tí nǹkan gún. Kóró inú wọn pẹlẹbẹ, kò wú rárá. Lẹ́yìn tí òdòdó bá ti rọ ni wọ́n ń pọ́n.

OlóyinÒpéjì:
Kòkòrò ló wọ́n lóko rẹ, àbúrò. Pípọ̀ kọ́.

Ẹ̀gúsí, kùkúḿbà, elégédé, gbogbo ìdílé yẹn, akọ òdòdó wà lọ́tọ̀, abo wà lọ́tọ̀, lórí ìtàkùn kan náà. Akọ ló sábà ń kọ́kọ́ yọ, òun ló sì ń pọ̀ jù, nítorí náà bí òdòdó lásán bá ń já bọ́ níbẹ̀rẹ̀, kò sí ewu níbẹ̀. Abo ni èyí tí èso kékeré ti wà nídìí rẹ̀ kó tó là. Lẹ́búlẹ́bú inú akọ gbọ́dọ̀ dé àárín abo kí kóró tó lè wú, kóró tó ń wú ló sì ń fa èso dàgbà. Lẹ́búlẹ́bú yìí wúwo, ó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, afẹ́fẹ́ kò lè gbé e bó ṣe ń gbé ti agbàdo. Ìdí nìyẹn tí agbàdo rẹ fi dára tí àwọn yòókù kò fi dára. Oyin àtàwọn ìbátan rẹ̀ ló ń gbé tiwọn.

Abo òdòdó kan kò ní ju òwúrọ̀ kan lọ láyé. Ó là ní kùtù, kí ọ̀sán tó pọ́n gan-an ó ti ń pa dé. Bí ohunkóhun kò bá bà lé e láàárín àkókò yẹn, èso ìdí rẹ̀ ti kú, ó kù kó já ni. Bí oyin bá sì bà lé e lẹ́ẹ̀kan péré, lẹ́búlẹ́bú kò ní kárí. Ibi tí kóró ti gbà á yóò wú, ibi tí kò ti gbà á yóò rù. Kùkúḿbà wíwọ́ tí o ń rí nìyẹn.

Wá wo ìmọ̀ràn FínKóKú: àárọ̀ kùtù. Wákàtí tí òdòdó ń là gan-an ló ní kí o fi májèlé sí i! Ìwọ̀nba oyin tó ṣẹ́ kù fún ọ ni wàá fi ṣòfò.

Ṣe báyìí. Dé oko kó tó di aago mẹ́jọ. Já akọ òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ya ewé yẹ́lò ara rẹ̀ dà nù kó ku igi àárín, kí o rọra fi pa àárín abo òdòdó méjì tàbí mẹ́ta. So òwú pupa mọ́ ọrùn èyí tí o bá ṣe. Má fọwọ́ kan àwọn tó kù, kí o lè fi wọ́n wéra.

ỌmọFUNAAB:
Òótọ́ ni Olóyin sọ. Kí AgbẹTuntun kàn wo ara páálí irúgbìn kùkúḿbà rẹ̀ ná. Irú kan wà tí wọ́n ń gbìn sínú ilé ọ̀rá, ó ń so láìsí akọ rárá. Bí wọ́n bá kọ parthenocarpic sí i, ìṣòro ibòmíràn ni ká wá.

AgbẹTuntun:
Mo wò ó, wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀. Irúgbìn ọjà lásán ni.

BàbáÀlàbàtà:
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Mo ti ń gbin ẹ̀gúsí kí wọ́n tó kó yunifásítì wá sí Àlàbàtà. N kò fi òdòdó pa òdòdó rí láyé mi, ẹ̀gúsí sì ń so tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń háyà ènìyàn láti wá bá wa lù ú. Ohun tí mo fẹ́ bi ọmọ yìí ni pé, kí ló yí oko rẹ̀ ká?

AgbẹTuntun:
Ẹ kú àgbà, Bàbá. Lápá òkè, wọ́n ti fi katapílà ro ilẹ̀ náà kanlẹ̀, wọ́n gé e sí pulọ́ọ̀tì, wọ́n ń tà á. Igi kan ò sí níbẹ̀ mọ́, bulọ́ọ̀kù ni wọ́n ń kó dà síbẹ̀. Lápá ìsàlẹ̀, ẹni tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan fi oògùn apakoríko pa gbogbo igbó ẹ̀bá oko, ilẹ̀ pupa ló kù. Oko tèmi náà mọ́, mi ò jẹ́ kí koríko kan hù níbẹ̀.

BàbáÀlàbàtà:
Ó tán. Láyé tiwa, igbó tó yí oko ká tóbi ju oko lọ. Igi tó lu inú wà, ihò àpáta wà, ibẹ̀ ni oyin ń gbé. Àwa ò wá oyin lọ, òun ló ń wá wa wá. Wọ́n ti ta ilé oyin fún onípulọ́ọ̀tì, ta ni ẹ fẹ́ kó wá bà lé òdòdó?

Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn sọ fún ọmọ náà pé kó jẹ́ kí ewé Akíntọ́lá wọ oko o. N ò ní bá yín dá sí i. Tata ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Tata dúdú aláàmì yẹ́lò yẹn, tó ń rùn bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, ìdí Akíntọ́lá ló ń gbé. Ọdún kan wà tó jẹ ewé ẹ̀gẹ́ mi tán, tó bọ́ èèpo ara igi, tí igi ẹ̀gẹ́ dúró ní ìhòòhò. Ẹni tí tata bá ti jẹ oko rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, kò ní jókòó kí ó máa yin koríko.

ỌmọFUNAAB:
Ẹ jàre lórí tata, Bàbá. Zonocerus variegatus ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Ó fẹ́ràn òdòdó Akíntọ́lá ju ewé rẹ̀ lọ, nítorí oró kan wà nínú òdòdó náà tó ń kó sínú ara. Oró yẹn ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹran fẹ́ jẹ ẹ́, ó sì ń fi bo ẹyin rẹ̀ pàápàá. Àlejò ni Akíntọ́lá fúnra rẹ̀ nílẹ̀ wa: ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orísun rẹ̀, ohun tí àwọn onímọ̀ sì ń sọ ni pé inú irúgbìn igi mẹ̀láínà tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka ló bá wọlé, ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1930.

Ọgbọ́n wà fún tata tí kò la oògùn lọ. Abo rẹ̀ kì í yé káàkiri. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, láti nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, gbogbo àwọn tó wà ládùúgbò ń kóra jọ sí ojú kan náà lábẹ́ ìbòji, wọ́n á ki ìdí bọ ilẹ̀ tó rọ̀, wọ́n á yé síbẹ̀. Ẹyin yẹn ń sùn sílẹ̀ títí di nǹkan bí oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá kó tó pa. Ẹni tó bá rí ibi ìkórajọ yẹn, kí ó ri igi mọ́lẹ̀ níbẹ̀ láti fi ṣe àmì. Kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé, kí ó fi ọkọ́ hú ibẹ̀. Ẹyin kò jìn sísàlẹ̀, ìwọ̀n gígùn ìka ọwọ́ kan ni. Oòrùn àti èèrà á parí èyí tó kù. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn, ti ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́. Àdúgbò ló yẹ kó pawọ́ pọ̀ ṣe é o, bí ẹnì kan bá dá a ṣe, tata oko kejì ni yóò wá bá a.

BàbáÀlàbàtà:
Bí a bá ń kọ ebè a máa ń hú u, adìyẹ a sì jẹ ẹ́. A ò kàn fún un lórúkọ ìwé ni.

OlóyinÒpéjì:
Èmi àti Bàbá kò lè fẹnu kò lórí Akíntọ́lá láéláé. Bí ọyẹ́ bá ń jà, tí gbogbo nǹkan gbẹ, òdòdó rẹ̀ wà lára ohun tí oyin mi ń rí jẹ. Kó tó dìgbà yẹn, nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, òdòdó yẹ́lò ńlá ẹ̀bá títì yẹn, tí àwọn kan ń pè ní jogbo, ni wọ́n ń lọ. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìbàdàn kọjá lóṣù kẹwàá sí ìkọkànlá mọ èyí tí mò ń sọ. Bí ẹ bá gé méjèèjì tán pátápátá, oyin á kó ẹrù rẹ̀, á ré kọjá, ẹ̀gúsí ọdún tó ń bọ̀ ni yóò jìyà rẹ̀.

Ohun tí mò ń ṣe ní Òpéjì nìyí: mi ò jẹ́ kí Akíntọ́lá sún mọ́ ẹ̀gẹ́, àmọ́ mo fi í sílẹ̀ lápá odò tí mi ò gbin nǹkan sí. Bó bá ti ń rọ òdòdó, kó tó tú èso rẹ̀ sáfẹ́fẹ́, mo ti bẹ́ ẹ lulẹ̀. Jogbo ní tiẹ̀, mo máa ń bẹ́ ewé tútù rẹ̀ sórí ebè, ó ń jẹrà kíákíá, ilẹ̀ sì ń rí oúnjẹ nínú rẹ̀.

FínKóKú:
Ẹ ti ń sọ ọ́ bíi pé kò sí kòkòrò tó ń bàjẹ́. Bí mo bá fín, gbogbo wọn a kú, oko a mọ́, mo a sì kórè. Kòkòrò wo ló tún kù tó ń ṣe àgbẹ̀ lóore lẹ́yìn oyin?

BàbáÀlàbàtà:
Ọmọ, bóyá wọn ò tíì bí ọ nígbà tí funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í bo orí ẹ̀gẹ́, tí ewé ń kákò tí kò ga mọ́. Ìparí àwọn ọdún 1970 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1980 ni. Gààrí wọ́n. Lọ́jọ́ kan a kàn rí i pé ó ń lọ.

ỌmọFUNAAB:
Agbọ́n ló lé e lọ, Bàbá. Agbọ́n tó kéré débi pé èèyàn lè má rí i. Kòkòrò funfun yẹn, láti gúúsù Amẹ́ríkà ló ti bá igi ẹ̀gẹ́ wọ Áfíríkà, ọ̀tá rẹ̀ kò sì bá a wá. Àwọn IITA wá ọ̀tá náà dé Paraguay, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 1981. Inú kòkòrò funfun yẹn ló ń yé sí, ọmọ rẹ̀ á jẹ ẹ́ tán láti inú. Hans Herren tó darí iṣẹ́ náà gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995. FínKóKú, lambda-cyhalothrin kò mọ agbọ́n yẹn yàtọ̀ sí kòkòrò tó ń jẹ ewé rẹ.

Ẹlẹ́muÌsàlẹ̀Abẹ́tù:
Ṣé kantíkantí tó ń rì sínú ẹmu mi náà níṣẹ́ tó ń ṣe láyé?

ỌmọFUNAAB:
Hahaha. Tẹmu yẹn, ọtí ló ń mu. Àmọ́ irú kantíkantí mìíràn wà, kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ, inú ewé jíjẹrà ìdí kòkó ló ń gbé. Òun ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú kòkó. Òdòdó kòkó kéré, ọ̀nà inú rẹ̀ há, oyin kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá gbá ìdí kòkó rẹ̀ mọ́ kedere ti lé e kúrò nílé.

Ọ̀pẹ tó ń fún yín lẹ́mu náà nìkọ́? Kòkòrò dúdú kékeré kan tó ń kún orí akọ òdòdó ọ̀pẹ, tó ń gbóòórùn lọ sórí abo, òun ló ń mú ẹyìn so. Nígbà tí àwọn ará Malaysia kó ọ̀pẹ lọ gbìn, wọn ò kó kòkòrò rẹ̀ lọ. Ènìyàn ni wọ́n ń sanwó fún pé kí ó máa gun ọ̀pẹ, kí ó máa da lẹ́búlẹ́bú sí i lọ́wọ́. Ọdún 1981 ni wọ́n tó kó kòkòrò náà láti Cameroon lọ tú sílẹ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ àwọn afọwọ́dà sì parí. Ọ̀dọ̀ wa níbí, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹlẹ́muÌsàlẹ̀Abẹ́tù:
Ó dáa, mi ò ní bínú sí wọn mọ́. Èyí tó rì sínú ẹmu, mo máa fẹ́ ẹ kúrò kí n tó mu ún.

ÌyáGbúre:
Ẹ jẹ́ ká padà sórí koríko, torí ibẹ̀ ni ọmọ yìí ti máa ṣe nǹkan. Gbúre tí mò ń tà ní Kútọ̀, koríko ni lójú ẹlòmíràn, wọ́n á ro ó dà nù. Tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún náà, bí o bá mọ̀ ọ́n já, ẹ̀fọ́ ni. Èmi kì í fi ojú kan wo koríko.

Ẹ̀kan, n kì í ṣàánú rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ń gún iṣu àti ẹ̀gẹ́ ní àgúnyọ, bí o bá sì jó o, ńṣe ni o bá a tún orí ṣe, láti ìsàlẹ̀ ló ti máa sọ padà. Hú u títí yóò fi tán, tàbí kí o gbin nǹkan tó máa ṣíji bò ó, torí kò fẹ́ràn òjìji. Àmọ́ imí eṣú, yúnyún, abẹ́rẹ́ olóko, kí ni wọ́n ṣe fún ọ lẹ́bàá oko? Òdòdó wọn kì í tán nílẹ̀. Àwọn kòkòrò tó máa wá bá kùkúḿbà rẹ láàárọ̀ nílò ibi tí wọ́n máa jẹun sí kó tó yọ òdòdó àti lẹ́yìn tó bá ti tán. Òdòdó ẹ̀gúsí kì í pẹ́ lóko, oyin sì gbọ́dọ̀ jẹun látọdún dé ọdún.

Nínú oko gan-an, ro ó. N kò sọ pé kí o má ro ó. Ẹ̀gẹ́ tí koríko bá fún lọ́rùn láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sí àtúnṣe fún un mọ́. Ẹ̀gúsí ní tiẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ló nílò ọkọ́. Bí ewé rẹ̀ bá ti tẹ́ borí ilẹ̀, òun gan-an ló ń bá ọ pa koríko. Ìdí tí àwọn ìyá wa fi ń gbìn ín sáàárín ẹ̀gẹ́ àti iṣu nìyẹn. Ẹ̀bá oko ni kí o fi sílẹ̀, ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin yíká, kí o máa fi àdá bẹ́ orí rẹ̀, apá kan lónìí, apá kejì nígbà mìíràn, kí òdòdó má baà tán lẹ́ẹ̀kan náà.

FínKóKú:
Mà, ọ̀rọ̀ yín dára, ṣùgbọ́n ta ni yóò sanwó alágbàṣe? Owó tí wọ́n ń gbà láti fi ọkọ́ ro éékà kan lásìkò yìí, èmi ò rí i san. Oògùn apakoríko ni mo lè rà.

ỌmọFUNAAB:
Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn, owó alágbàṣe le lóòótọ́. Pé kí o fín ilẹ̀ kí o tó gbin nǹkan, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Pé kí o tún fín ẹ̀bá oko, ojú odò àti ìdí igi tí o ò ní gbin nǹkan kan sí, owó lo ń dà nù, o sì ń pa ilé àwọn tó ń bá ọ ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí o sì wo ohun tí wọ́n ń tà fún ọ: NAFDAC ti fòfin de paraquat láti oṣù kìíní 2024, atrazine náà láti oṣù kìíní 2025. Paraquat díẹ̀ tí ènìyàn bá ṣèèṣì gbé mì lè pa á, kò sì sí oògùn tó ń pa oró rẹ̀.

Ẹni tí ẹ̀kan bá ń dà láàmú, ìbátan wèrèpè kan wà tí kì í yún ni lára. Ní gúúsù Benin, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló fi bo ilẹ̀ ẹ̀kan. Ó ń ṣíji bò ó, ó ń fún un pa, ewé rẹ̀ á sì jẹrà sí ajílẹ̀. Àsìkò òjò kan ni ilẹ̀ yóò fi sinmi fún un o, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí gbogbo ènìyàn gbà á.

BàbáÀlàbàtà:
Wèrèpè tí kì í yún ni! Ayé ti dé ibi tó dé.

AgbẹTuntun:
Ẹ kú ìjókòó o. Mo ṣe bí Olóyin ṣe wí. Àwọn tí mo so òwú pupa mọ́ ń dàgbà. Kùkúḿbà inú wọn ń gùn gbọọrọ, kò wọ́. Nínú ẹ̀gúsí, mélòó kan ti tóbi tó ọsàn báyìí. Àwọn tí mi ò fọwọ́ kàn, púpọ̀ nínú wọn ti já bọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ti sọ fún ìyàwó mi, òun náà ń bá mi ṣe é láàárọ̀, ó tilẹ̀ yá jù mí lọ.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ẹ̀yìn ilé tí à ń gbé ní Ọbáńtókò láyè díẹ̀, ṣé mo lè gbé àpótí oyin síbẹ̀? Ìkejì, kòkòrò ti wọ àárín agbàdo mi, mo rí ìgbẹ́ rẹ̀ tó dà bí ìyẹ̀fun igi nínú ewé. Ṣé ìyẹn náà kí n máa wò ó ni?

OlóyinÒpéjì:
Ẹ̀yìn ilé l'Ọbáńtókò? Rárá o. Oyin wa níbí kì í ṣe oyin tí wọ́n ń fi ọwọ́ lásán kó nínú fíìmù. Bí ẹnì kan bá fi lọ́fínńdà kọjá, tàbí tí ẹ tan jẹnẹrétọ̀ sítòsí rẹ̀, ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kú, ọmọdé ló tẹ̀ lé e. Gbé e lọ sí oko, kó jìnnà sí ọ̀nà ẹsẹ̀ àti ilé, lábẹ́ ìbòji, kí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí igbó. Kí omi wà nítòsí.

Àpótí onígi ìdábùú ni kí káfíńtà kàn fún ọ, èyí tí igi tẹ́ẹ́rẹ́ máa tò sórí rẹ̀. Ìbú igi kọ̀ọ̀kan ni kí ó mú lójú: mìlímítà 32. Bó bá fẹ̀ jù tàbí tó tín-ín-rín jù, oyin á kọ́ afárá rẹ̀ láti igi kan bọ́ sí òmíràn, o ò sì ní lè gbé e láìfọ́. Fi ìda oyin ra inú rẹ̀, òórùn yẹn ló ń pè wọ́n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbé e sínú agolo tí ọ́ìlì ẹ́ńjìn tó ti gbó wà nínú rẹ̀, torí ìjàlọ lè jẹ odidi ilé oyin tán lóru kan. Má retí pé wọn á wọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Fún ẹ̀gúsí tó wà nílẹ̀ yìí, ọwọ́ ìwọ àti ìyàwó rẹ ni.

Má gbàgbé àwọn tí kò ní àpótí. Oyin ńlá dúdú tó ń gbẹ́ ihò sínú igi gbígbẹ àti ọparun, bí ó bá di òdòdó tòmátò tàbí ìgbá mú, ńṣe ló máa gbọ̀n ọ́n títí lẹ́búlẹ́bú á fi dà. Oyin tèmi kò mọ ìyẹn ṣe. Fi igi gbígbẹ méjì mẹ́ta sílẹ̀ fún un lẹ́bàá oko. Àwọn kan sì ń gbé inú ilẹ̀, má ro gbogbo ojú ọ̀nà oko tán.

ỌmọFUNAAB:
Ti agbàdo, rárá, má wò ó o. Ohun tí o ṣàpèjúwe yẹn jọ kòkòrò ajẹgbàdo tó wọ ilẹ̀ wa ní 2016 láti Amẹ́ríkà. Wo iwájú orí rẹ̀: bí ìlà funfun tó dà bí lẹ́tà Y tí wọ́n dojú rẹ̀ dé bá wà níbẹ̀, tí ààmì dúdú mẹ́rin sì tò ní igun mẹ́rin sí ìdí rẹ̀, òun ni. Bí agbàdo kò bá tíì ga ju orúnkún lọ, ẹ máa kọjá láàárín rẹ̀ láàárọ̀, ẹ fọwọ́ tẹ ẹyin àti ọmọ rẹ̀ pa. Ẹ bu eérú tàbí iyanrìn díẹ̀ sí ọ̀fun ewé níbi tó sá pamọ́ sí, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Omi èso dóńgóyárò tí a gún tí a sì sẹ́ náà ń ràn án lọ́wọ́, bí ó bá jẹ́ pé kòkòrò ṣì kéré. Bó bá ti dàgbà, kò ní gbọ́.

Bí ó bá wá di dandan kí o lo oògùn ṣọ́ọ̀bù, ìrọ̀lẹ́ ni, lẹ́yìn tí òdòdó ẹ̀gúsí ti pa dé tí oyin ti lọ sílé. Ọ̀fun agbàdo nìkan ni kí ẹnu ẹ̀rọ rẹ dojú kọ, kí afẹ́fẹ́ má sì máa fẹ́ lọ sápá kùkúḿbà. Bí agbàdo bá ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ lórí, dáwọ́ fínfín dúró, nítorí oyin ń kó lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ náà. Má fi òtápíápíà tí wọ́n ń rọ sínú ìgò omi dán an wò lóko oúnjẹ rárá.

AgbẹTuntun:
Mo ti wò ó, lẹ́tà Y wà lórí rẹ̀. A ó bẹ̀rẹ̀ títẹ̀ pa láàárọ̀ ọ̀la lẹ́yìn tí a bá ti parí ti òdòdó. Ẹni tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà ti ń béèrè ohun tí òwú pupa wà fún, mo ní kó wá ká ọ̀rọ̀ yìí.

FínKóKú:
Ìrọ̀lẹ́ aago mélòó gan-an? Mo ti ra oògùn tèmi.

ỌmọFUNAAB:
Lẹ́yìn aago mẹ́fà. Wọ bàtà rọ́bà, ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú.